Èkó Kò Ní Òkè: Lẹ́tà Ọba Dòsùnmú àti Ẹ̀hónú Aláìlágbára

Ní Ìdànrè níbí, ọmọdé tí kò tíì tó ilé ìwé lọ ti mọ̀ pé òkè ló gba àwọn baba wa là. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti àwọn ojúbọ ṣì wà títí dòní. Títí di nǹkan bí ọdún 1923, orí àpáta yẹn ni gbogbo ìlú ń gbé. Nígbà tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ìlú ńlá ń fipá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìlú kéékèèké, ẹni tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò ní Ìdànrè ní láti kọ́kọ́ pọ́n òkè, lójú àwọn tó dúró lókè tí wọ́n ń wò ó bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí rédíò bá ń sọ pé orílẹ̀-èdè ńlá kan tún ti ń halẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀, pé kí ó yọ̀ǹda ilẹ̀ kan, kí ó fọwọ́ síwèé kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú rẹ̀ yóò rí màbo. Ìlú tó lókè á gun òkè. Ìlú tí kò lókè ńkọ́? Ìlú tó wà létí omi, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ọkọ̀ ogun lè wọ̀ dé ìtòsí ààfin ọba, kí ni tirẹ̀? Èkó nirú ìlú bẹ́ẹ̀, ọdún 1861 sì ni ìbéèrè yìí délé bá a.

Kì í ṣe pé Èkó kò mọ alágbára rí. Ó pẹ́ tí àwọn ọba rẹ̀ ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọba Bìní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1851, alágbára mìíràn gba ojú òkun dé. Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè nígbà náà. Ní 1845 ló ti lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́. Akítóyè sì lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sípò, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. John Beecroft, kọ́ńsùlù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 wọ́n kọlu Èkó, Èkó lé wọn padà. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún padà wá pẹ̀lú ohun ìjà tó ju tìṣáájú lọ. Iná jó ìlú, Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó gbé e padà sórí oyè.

N kò ní sọ pé Èkó ayé ìgbà náà mọ́ kangá. Wọ́n ń ta èèyàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so lọ́rùn gba etíkun yẹn kọjá lọ sí Brazil àti Cuba, àwọn ìyá wọn kò sì rí wọn mọ́. Ẹni tó bá ní kí òwò burúkú yẹn dópin kò ṣẹ̀ wá. Àmọ́ ìdí rere tí alágbára bá gbé wá kò sọ ìfipámúni di ìfẹ́ inú ẹni. Ohun méjì ni wọ́n, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò wọ́n pọ̀ mọ́ wa lójú.

Akítóyè wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì gorí oyè ní Ìgà Ìdúngànràn. Benjamin Campbell tó jẹ́ kọ́ńsùlù nígbà náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọba méjì ló ń bẹ ní Èkó bí a bá fojú inú wò ó. Ọ̀kan wà láàfin, èkejì wà nílé kọ́ńsùlù. Oníṣòwò tó bá ní gbèsè láti gbà, ọ̀dọ̀ kọ́ńsùlù ló ń gbà lọ. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó àtàwọn tó ti Sàró dé, ọ̀dọ̀ kọ́ńsùlù kan náà ni. Epo pupa ti ń gba ipò ẹrú lọ́jà, owó ń wọlé, ojú gbogbo oníṣòwò Òyìnbó sì ti wà lára èbúté yẹn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ń wo Fáransé pé kó má lọ gba ibẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1861, Lord John Russell tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé ìjọba àwọn ti pinnu láti gba Èkó pátápátá. Ó ní bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òwò ẹrú kò ní parẹ́, ọba Dàhọ́mì yóò sì máa da agbègbè náà rú. Ó fi kún un pé kí wọ́n má ṣe rẹ́ Dòsùnmú jẹ, kí wọ́n fún un lówó ìfẹ̀yìntì. Ẹ wo ìyẹn ná. Wọ́n ti jókòó sí ìlú tó jìnnà, wọ́n ti pín ogún ẹni tó wà láàyè, wọ́n tún ti pinnu pé owó ni wọn yóò fi tù ú nínú, kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ni wọ́n tó bá a sọ ọ́. Norman Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Prometheus, àti William McCoskry, oníṣòwò tó ń ṣe adelé kọ́ńsùlù, ké sí ọba wá sínú ọkọ̀ náà. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti gbà á lálejò, nítorí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lójú òfin wọn. Ẹni tó bá mọ bí ọba Yorùbá ṣe ń gbàlejò yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìgbà tí ọba bá jókòó sí ààfin rẹ̀, tí àwọn olóyè yí i ká, tí àlejò bọ́ fìlà, tí wọ́n gbé obì kalẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, láàárín ìbọn ńlá àti àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n ti kà á sí ọba létí pé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ìlú rẹ̀.

Dòsùnmú kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun yóò lọ fọ̀rọ̀ lọ àwọn olóyè òun. Lóòótọ́, ọba kan kì í dá ilẹ̀ ta. Àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ Èkó láti ìran dé ìran. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọba, kò lè fi tọrẹ. Nígbà tí wọ́n jókòó, ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Èsì tó ti inú ọkọ̀ wá ni pé wọ́n ní títí di ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn yóò sọ̀rọ̀. Kò tíì pé ọdún 10 tí ìbọn irú èyí ti jó ìlú wọn, àwọn tó rí i sì wà láàyè.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú àti olóyè mẹ́rin fi àmì sórí ìwé náà. Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè.

Mo rọ ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn náà pé kó kà á tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn létí. Ó ní nítorí kí Ọbabìnrin lè ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́ kí ó sì dáàbò bò wọ́n ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé erékùṣù Èkó àti èbúté rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ àti èrè tó so mọ́ ọn, ti di ti Ọbabìnrin. Dòsùnmú lè máa jẹ́ ọba ní orúkọ. Ó lè máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ Èkó bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ló lékè. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò nígbà náà lọ: bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí gbé e fún ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ mìíràn tó ń jìjà dù ú. Ẹ fi òǹtẹ̀ yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Dòsùnmú kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀. Kò kọ ọ́ sí McCoskry, kò sì kọ ọ́ sí ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Ọba kọ̀wé sí ọba. Ohun tó fi ń hónú yé èèyàn: òun kò fi tinútinú gbé ìlú òun sílẹ̀, ìhalẹ̀ ló mú kí òun fọwọ́ sí i, ohun tí wọ́n ṣe fún òun kò sì bá ọ̀rẹ́ tó wà láàárín ìlú méjèèjì mu. Àwọn olóyè pẹ̀lú kò dákẹ́. Ọba tí kò kàwé Gẹ̀ẹ́sì ló wá akọ̀wé tí yóò bá òun kọ ọ́, tó sì rí i pé ó wọkọ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní kí ni ìwé lè ṣe fún ìbọn? Mo mọ̀ pé kò lé ọkọ̀ kan ṣoṣo padà. Victoria kò dá Èkó padà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1862 wọ́n fi àfikún kan sí àdéhùn náà: owó ẹyọ 1,200 àpò ni wọn yóò máa fún Dòsùnmú lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n kéde Èkó ní ilẹ̀ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, Henry Stanhope Freeman sì di gómìnà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àfikún yẹn dáadáa. Ó sọ níbẹ̀ pé Dòsùnmú ti lóye àdéhùn náà, ó sì fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó lóye rẹ̀ tó sì fara mọ́ ọn ní oṣù Kẹjọ, kí ló dé tí wọ́n tún fi nílò láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì? Lójú tèmi, ẹ̀hónú ọba ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ba àdéhùn náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì mọ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ní oko kòkó lágbègbè wa yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Pèrègún la fi ń pààlà. Bí aládùúgbò tó lówó tó sì léèyàn lẹ́yìn bá rékọjá pèrègún tó ń gbin kòkó sínú ilẹ̀ rẹ, o lè má lágbára láti fa igi rẹ̀ tu. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ pe àwọn àgbà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí o tọ́ka sí pèrègún lójú wọn, kí o sọ ọ́ sókè pé n kò gbà. Bí o bá dákẹ́ títí kòkó fi so, tó sì ń kórè, ìdákẹ́ rẹ ti di ẹ̀rí fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ohun tí Dòsùnmú fi lẹ́tà rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó tọ́ka sí pèrègún.

Ó tó 60 ọdún kí ẹ̀rí yẹn tó wúlò. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ní Apápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, ẹni tó ń jẹ́ oyè Olúwa nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún òun àtàwọn èèyàn òun. Ìjọba ní owó tó yẹ kí wọ́n san kéré, torí pé ilẹ̀ Èkó ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tí Dòsùnmú ti fọwọ́ síwèé. Ẹjọ́ náà kọjá àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa, ó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Lord Haldane ka ìdájọ́: pípààrọ̀ ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti agbo ilé àti ìlú tó ni ín gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kí wọ́n san owó rẹ̀ pé. Òǹtẹ̀ tí àdéhùn ní kí Dòsùnmú máa lù ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Ìdájọ́ yẹn kò parí sí Èkó. Ní Kánádà àti ní Ọsirélíà, àwọn onílẹ̀ àbáláyé lò ó nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba tiwọn ṣẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ẹjọ́ yìí, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ló bá a lọ. Ọ̀pá àṣẹ Eléko, ìyẹn ọba Èkó, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èṣùgbàyí, ọmọ Dòsùnmú, ló wà lórí oyè lákòókò náà. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ọba bá fún ní ọ̀pá, ẹnu ọba ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní ohun tí aṣojú orílẹ̀-èdè ń jẹ́. Ohun tí Macaulay fi ọ̀pá yẹn sọ fáwọn oníwèé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ni pé wọn kò ṣe ẹ̀tọ́ fún ìdílé tó ni Èkó, àti pé owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń fún wọn kò tó nǹkan lára ohun tí ìjọba ń pa ní èbúté náà. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Eléko sẹ́ Macaulay ní gbangba. Kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ṣe é, wọ́n sì kéde pé àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè pátápátá, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Èyí wú mi lórí nínú ìtàn yìí ju ìyókù lọ. Àwọn ará Èkó kò gbé ìbọn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1931, Lord Atkin ní Privy Council sọ pé kò sí aláṣẹ kankan tó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá èèyàn àfi bó bá lè fi hàn nílé ẹjọ́ pé òfin fún un láṣẹ. Ọdún yẹn kan náà ni Gómìnà Donald Cameron jẹ́ kí Eléko padà sílé. Èkó jó, Èkó yọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wàjà, nínú ìlú rẹ̀, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, wá sí Èkó torí pé ìjọba ní Ìjẹ̀bú fi àbùkù kan Denton, adelé gómìnà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú wọn pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọn kò fọwọ́ kan kálámù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí i dípò wọn. Nínú oṣù Karùn-ún, ìbọn Maxim pa àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bí ilẹ̀ bí ẹní ní Ìmàgbọ̀n. Ẹ̀hónú kò gba Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ ogun. Síbẹ̀, títí dòní, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ ló ta ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Ní 1969, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Vienna, wọ́n kọ òfin lórí àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè. Ó wà nínú rẹ̀ pé àdéhùn tí wọ́n bá fi ìhalẹ̀ tàbí ogun gbà lọ́wọ́ ẹni, tó lòdì sí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, òfo ni. Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Òfin yìí kò padà sẹ́yìn lọ bá Dòsùnmú, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ṣe irú ohun tí Prometheus ṣe lónìí, bébà lásán ló ní lọ́wọ́.

Àwọn olóyè Kàlàbá ni ọ̀rọ̀ tiwọn ká mi lára jù. Ní oṣù Kẹsàn-án 1884, wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò. Ní 1913, Gẹ̀ẹ́sì pààlà pẹ̀lú Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ilẹ̀ Bàkásí sì bọ́ sí apá Jámánì. Nígbà tí Kamẹrúùnù gbé Nàìjíríà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní 1994, Nàìjíríà ní ẹni tí a ní kó ṣọ́lé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà lójú mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2002, ilé ẹjọ́ ní àwọn olóyè Kàlàbá kì í ṣe orílẹ̀-èdè lójú òfin ayé ìgbà náà, àti pé Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti gba ààlà náà nínú ìwé tó kọ sí Kamẹrúùnù ní 1962. Ìwé ọwọ́ ara wa ni wọ́n fi dá wa lẹ́jọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Èkó: wọ́n gbà pé Dòsùnmú jẹ́ ọba tó láti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò gbà pé àwọn ọba Kàlàbá jẹ́ ọba tó láti dá a dúró.

Nàìjíríà bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2008 ó fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lọ́mọ ogun jù. Ó dun àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀, ìyà tó jẹ wọ́n kò sì tíì tán. Síbẹ̀, mo fi ìjọba wa yangàn lórí èyí, nítorí kò pọ̀ kí ẹni tó lágbára jù fi ilẹ̀ sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́.

Ìdí nìyí tí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn pé nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 2022, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 141 tó ní kí Rọ́ṣíà kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ti fi ìwé gba agbègbè mẹ́rin nílẹ̀ Ukraine, a tún dìbò pé a kò gbà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Martin Kimani, aṣojú Kenya, ti sọ fún Ìgbìmọ̀ Aláàbò pé àwọn ààlà Áfíríkà kò tọwọ́ wa wá, Lọ́ńdọ̀nù, Paris àti Lisbon ni wọ́n ti fà wọ́n, ṣùgbọ́n a gbà láti máa bá wọn lọ kí a má baà máa jagun títí ayé. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, ó sì dà bíi pé ẹnìkan ń bá Èkó 1861 sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Ó yẹ ká bi ara wa léèrè ọ̀kan sí i. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwa gan-an ni alágbára. Láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, a ti ẹnubodè wa pa mọ́ Olómìnira Benin. A ní ìdí: ìrẹsì tí wọ́n ń kó wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú ń pa àgbẹ̀ wa. Àmọ́ nǹkan bí ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni àwọn oníṣòwò ní Sèmè fi jókòó ti ẹrù tó ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ Kétu, ọmọ Sábẹ̀, ìbátan wa ní òdì kejì ààlà tí kì í ṣe àwa la fà á.

Ti Nìjẹ̀r le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum tí àwọn èèyàn fi ìbò yàn. Ohun tí wọ́n ṣe kò dára, n kò ní gbè wọ́n. Àjọ ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ń darí nígbà náà, ti ẹnubodè, wọ́n sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí ogun má baà wọ̀lú. Nàìjíríà pa iná mànàmáná tó ń fún wọn. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè yẹn ń lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Kì í ṣe ọ̀gágun ló jókòó sínú òkùnkùn yẹn, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nínú ooru aṣálẹ̀.

Nígbà tí Tinúbú kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lórí ríran àwọn ọmọ ogun lọ, àwọn aṣòfin ní kó gba ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Mo kan sáárá sí wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó di oṣù Kejì ọdún 2024 kí ECOWAS tó mú ọwọ́ ìyà kúrò. Ìgbà yẹn, Nìjẹ̀r, Màlì àti Burkina Faso ti fìbínú kọ̀wé pé àwọn ń kúrò nínú àjọ náà, ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 wọ́n sì kúrò lóòótọ́. Ìwé tí wọ́n kọ pé wọ́n ń fipá mú àwọn, àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe ẹni mímọ́. Dòsùnmú náà kọ́. Àwa tí wọ́n kọ ọ́ sí ni mo ń wò, bóyá a ó kà á bí ẹni tó ti kọ irú rẹ̀ rí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, wọ bàálù lọ sí Niamey. Kò ní kí wọ́n wá bá òun lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ìlú wọn ló lọ, àwọn ló gbà á lálejò, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà, òwò àti ààbò ẹnubodè tó gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà láàárín wa.